Sìmẹ́ǹtì Ẹ̀yìn Igi Rósì

Keldgate, Beverley,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Neville, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Gillian aya rẹ àti Bethany kékeré. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle. Tèmi náà ń bá a lọ, bí a bá yọ ti eegun ìbàdí tí wọ́n fi irin pààrọ̀ kúrò. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Má ṣe rò pé inú mi ti rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ ẹni tó ń bí mi nínú ti yí padà.

Ìwọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù ní Hull, ìyá rẹ sọ fún ọ pé atẹ́gùn ń gba ara ògiri wọlé. O fi ọjọ́ Sátidé mẹ́ta pò sìmẹ́ǹtì, o sì fi dí àárín àwọn bíríkì iwájú ilé àti ti ẹ̀gbẹ́. O fẹ́ kí n bá a lójijì kí inú mi dùn. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo rí ògiri náà, tó rí bí eérú, mo kọ̀ láti wọlé.

Mo ti kọ́ ọ láti kékeré pé bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó ń mu omi, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi tu omi náà jáde. Ẹfun sísun tí a pò mọ́ iyanrìn ló ń jẹ́ kó mí, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó le. Bí o bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, omi á há sínú bíríkì. Tí òtútù bá dé, omi á di yìnyín, ojú bíríkì á sì bẹ́ dànù. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ máa ṣe búrẹ́dì."

Ìgbà òtútù yẹn ni ojú bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ tutù débi pé bébà ara rẹ̀ ń ṣí. Ikọ́ kò jẹ́ kó sùn, nígbà tó sì di oṣù Kejì, ó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo àwọn tó ń mu tíì, mo nàka sí ọ: "Ẹ wo ọwọ́ tó pa Edna! Ọmọ bíríkìlà wo ló máa fi sìmẹ́ǹtì dí ilé mọ́ ìyá ẹ̀ lórí?" O gbé ife rẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. O ní, "Dádì, mo ti gbọ́." O wọ kóòtù rẹ, o lọ. Mabel Stocks, aládùúgbò wa, sọ sí mi létí pé, "Cuthbert, ẹyin lohùn o. O ò ní lè ṣà á." Mo ní kó lọ bójú tó ológbò rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá ni mo pinnu pé n ó yọ sìmẹ́ǹtì náà kí n tó kú. Òòlù àti irin mímú ni mò ń lò, torí ẹ̀rọ máa ń gé bíríkì mọ́ ọn. Bí mo bá yọ díẹ̀, n ó wọ́n omi sí i, n ó fi ẹfun tuntun dí i, n ó sì fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má fà á gbẹ. Gbogbo ìgbà tí irin bá ta mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ ni mò ń bú. Mabel á yọjú lójú fèrèsé: "Baba yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ẹ̀yìn ilé, níbi tí igi rósì ti bo ògiri yàrá ìyá rẹ. Mo gé rósì náà. Sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ó le koránkorán, gbogbo bíríkì tó yí i ká ti jẹrà. Mo ti gbé òòlù sókè kí n tó rí ìlà tín-ín-rín kan tó gba ìsàlẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà kọjá. Neville, ṣíbí tí mo tẹ̀ fi ṣe irin iṣẹ́ tí mo fi ń dán àárín bíríkì, èyí tó ní eyín kékeré létí, òun nìkan ló ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí, títí kan ìwọ.

Mo jókòó sórí koríko, mo sì rántí. Ọdún 1963 ni. Yìnyín bo ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, oyún rẹ sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìyá rẹ ní, "Cuthbert, ọmọ ò lè sùn nínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ báyìí." Ẹfun kì í le kó mú bíríkì nínú òtútù. Mo sáré pò sìmẹ́ǹtì, mo ní tí oòrùn bá dé n ó yọ ọ́. Oòrùn dé, iṣẹ́ dé, rósì hù, mo gbàgbé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni omi fi ń jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ. Ìwọ kò dé ibẹ̀ rárá. Rósì ò jẹ́ kí àkàbà rẹ ríbi dúró.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ. Bàbá mi ò kọ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mabel, kò tiẹ̀ káàánú mi. Ó ní, "Gbọ̀ngàn lo ti sọ tàkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni kó o ti lọ sọ èyí." Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, n ó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí Bethany gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ láé. Kí ilé rẹ móoru, kí ògiri rẹ gbẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó dá ọ lẹ́bi,
Cuthbert Garbutt.

Àfikún: Mo ti yọ gbogbo sìmẹ́ǹtì tìrẹ. Tèmi nìkan ló kù. Mo lè yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ kí o lè fojú ara rẹ rí i. Tí oṣù Kẹwàá bá ti parí, òtútù á ti dé, ẹfun kò ní mú mọ́. Ṣíbí náà wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ìwọ ni kí o wá fi ṣe é.