Ọnà Tuntun Tó Ń Retí Orúkọ

Agége,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Làsísì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín ní Kùmásí, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ọkọ mi ń kí yín. Ikọ́ Sùlíyá ọmọ mi ti lọ. Ó ti ń bá wa du ẹran báyìí.

Láti ìgbà tí ìyá wa ti jáde láyé, ọwọ́ mi kò ya ọnà kankan sára àdìrẹ mọ́. Ńṣe ni mò ń dá aṣọ oníbàárà padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, mo gbọ́ baba agbẹ́gilére kan nínú asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n bi í pé níbo ló ti ń rí ọnà. Ó ní, "N kì í wá a. Ẹni tí àárò rẹ̀ bá ń sọ mí ni mo ń gbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbàgbé búrẹ́dì síbẹ̀! Mo délé, mo ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ tí a fi ń ya àdìrẹ, mo ya ìka ìyá wa tó wọ́ sára aṣọ, èyí tí wọ́n fi máa ń tọ́ aró wò. Ọkàn mi fúyẹ́.

Àwọn oníbàárà ń béèrè orúkọ ọnà tuntun náà. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Kí Ọlọ́hun dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì: ẹ̀yin ni àkọ́bí ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́ lórúkọ.

Àbúrò yín,
Àrínọlá