Ọ̀bẹ Tí Yóò Bá Wa Wọ Igbó

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Àwọn òbí ní ọmọ kankan ò ní bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé inú igbó ní Alápòtì, àfi bí Ìyá Ṣadé bá fọwọ́ sí ọ̀bẹ tí wọn máa lò. Ẹ̀rù obìnrin yẹn ń ba pásítọ̀ pàápàá.

Mo kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ ńlá kan jáde, eléyín bí ayùn. Sángo ni mo ti rà á. Ìyá Ṣadé na ọsàn kan sí mi.

"Bó o."

Nígbà tí mo bó o tán, ó kù bí ẹyin àparò.

"Túndé, kí ni ọsàn yìí fi ṣẹ̀ ọ́?"

Mo yọ ìkejì, kékeré, tí èèkù rẹ̀ kì í yọ̀ lọ́wọ́. Ó fi bó ọsàn tirẹ̀, èèpo ò já títí ó fi kanlẹ̀. Ó fi gé okùn, ó fi la igi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ. Ṣadé ni kó ṣíwájú."

Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹyin àparò mi tòun ti kóró inú rẹ̀.

Gbogbo ọmọ ló ń lọ. Ọ̀bẹ kékeré yẹn nìkan ni ò lọ. Ìyá Ṣadé ti jù ú sínú báàgì tirẹ̀, ó ní tilé òun ò mú mọ́.