Àmì Kan ní Ìlà Àkọ́kọ́

Màámi,

Ara mi le, ẹ má mikàn. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bí ooru ṣe ń rìn nínú omi tí a sé mọ́nú àpótí. Lánàá, ọ̀gá mi ní yunifásítì rí i pé ní ìlà àkọ́kọ́, àròpọ̀ ni mo ṣe níbi tí àyọkúrò yẹ kó wà. Ó ní, "Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́. Kó ẹrù ẹ."

Mò ń sinmi báyìí, mò ń sùn di ọ̀sán. Aṣọ tí ẹ rán sílẹ̀ de ọjọ́ ìgboyè mi, ẹ kúkú máa wọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mò ń jẹun dáadáa.