Adágún fún Labalábá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ẹ̀rù ń bà mí. Labalábá — àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún — ti ra pákó onígbòkun. Èèyàn á dúró lé e lórí omi, á di ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ. Gbé e lọ síbo? Kò tíì gùn ún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ! Ó ní tí n kò bá bá òun rí adágún tí ọkàn mi gbà kí oṣù yìí tó parí, òun á tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ sí adágún ńlá, èyí tí ojú kì í ká òdìkejì rẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ fèsì pé orí kunkun ọmọ náà jọ tèmi, kí n lọ bá a sọ ọ́ fúnra mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Níbi iṣẹ́ alágbàfọ̀ mi, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ọkàn mi wà lódò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo rí adágún kan! Igi yí i ká, omi pa rọ́rọ́ bíi dígí. Labalábá gun pákó, ó dúró. Ó dúró síbẹ̀. Ewé kan já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ — ewé ò kúrò, òun náà ò kúrò. Ó ní, "Bàámi, ṣé kí n kúkú tẹ́ ẹní ni?" Igi ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Ojú tì mí. Adágún kejì kò ní igi. Mo so aṣọ ìnujú mọ́ ọ̀pá, ó nà tàntàn. Afẹ́fẹ́ tó lè mú kóòtù gbẹ ní wákàtí kan! Mo ní ó yá, gùn ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ alágbàfọ̀, n kò wo ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí rí, torí pẹ́ẹ̀gì ń mú aṣọ lórí okùn. Ta ló fi pẹ́ẹ̀gì mú Labalábá? Etí omi ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí àárín. Ó ń lọ, ó ń kéré sí i. Mo ń sáré bí adìẹ tí àwòdì gbé lọ́mọ. Apẹja kan ló fi ọkọ̀ fà á padà. Ó bi mí bóyá mo ń fi ọmọ ránṣẹ́ ni. Labalábá ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Apẹja gbé ṣòkòtò mẹ́ta wá fún fífọ̀. Ó júwe adágún kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ omi. Mo rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ìdodo mi ni omi mọ. Iyanrìn nísàlẹ̀, kò sí kùkùté. Aṣọ ìnujú kọjú sí etí omi: ẹni tó bá ṣubú, afẹ́fẹ́ á dá a padà fún mi. Labalábá ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀kejìlá — ó lọ! Fìlà tí mo jù sókè bọ́ sómi, n kò tiẹ̀ wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 25
Iṣẹ́ gbé Labalábá lọ sílùú mìíràn fún oṣù mẹ́ta. Ó di pákó mọ́ orí mọ́tò. Ilé dá páro.

Ọjọ́bọ̀, 28
Ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Bàámi, mo rí adágún kan níbí. Mo ti fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ kí n tó gbé pákó. Ìdodo ló mọ. Kò sí igi. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ wá sí etí omi." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá ìbéèrè tí mo lè bi í. Kò ṣẹ́ kù. Mo fún ìyá rẹ̀ kà, ó bú sẹ́rìn-ín. Èsì tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: "Ọmọ mi, o ṣeun. Mo fẹ́ wá jókòó sẹ́bàá omi, kí n máa wò ọ́ lásán. Ọjọ́ wo ni kí n wá? Jọ̀ọ́, tètè fèsì."