Ríìmù Oníhò Ogójì

Ilé wa,
Ìwó.

Zakiyyah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ohun kan ṣeé gbára lé kó tó gbára lé e? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, nígbà tó yá mo dìde, mo tan àtùpà, mo ní kí n kúkú kọ̀wé sí ọ. Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le dáadáa? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ ní Ìlọrin ńkọ́, ṣé wọn kò tíì fi ariwo jẹ etí rẹ tán? Ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún kò dùn mí, mo ń jẹun, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ inú ọgbà mi sì ti ga dé ìbàdí.

Mo lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ara rẹ. Lórí fóònù, o máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Lẹ́tà yóò jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àdéhùn wa, kí o má baà ní mo fò ó. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere mi bàjẹ́ lójú ọ̀nà Kuta, o ní, "Màmá, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá tún já yín sílẹ̀, ẹ ó tà á fún àwọn tó ń ra irin, ẹ ó sì máa gun ọ̀kadà bí àwọn ẹgbẹ́ yín." Mo ní mo gbà. Bóyá o rò pé ó rọrùn fún mi láti gbà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé mi lọ sí ọgbà ẹ̀fọ́ láàárọ̀. Òun ló ń gbé mi lọ wo ẹ̀gbọ́n mi Fàsílátù ní Kuta lọ́jọ́ Àìkú, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò ti gbé ìrìn mọ́. Mo ń lọ nígbà tó bá wù mí, mo ń bọ̀ nígbà tó bá wù mí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ohun tí mo lè ṣe láìjẹ́ pé mo bi ẹnikẹ́ni léèrè kò pọ̀ mọ́.

Mi ò tíì sọ fún ọ bó ṣe bàjẹ́ gan-an. Gàárì àti iṣu ni mo dè sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Mo já sínú kòtò kan, mo gbọ́ ìró kan, nígbà tí mo sì bọ́ sílẹ̀, ríìmù ti wọ́ bí ètè ọmọ tó fẹ́ sunkún. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti inú, níbi tí táyà bò, tí ojú kò lè dé. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo ti gùn ún láìmọye ìgbà, mo sì gbà pé ó dára nítorí pé kò tíì ṣẹ́. Irú ẹ̀rí wo nìyẹn? Mo ń tì í bọ̀ wálé ni ọlọ́kadà kan dẹwọ́ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn yín lónìí ni?" Mo ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo ní kó sinmi." Ó rẹ́rìn-ín lọ títí ó fi gbàgbé láti gbé mi.

Mùrí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo gbé e lọ bá. O rántí Mùrí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò lọ́ra. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ lọ ra ríìmù ẹ̀yìn, nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n. Tuntun ni o. Àlòkù ríìmù ò yàtọ̀ sí àlòkù eyín, ẹnu ẹlòmíì ló ti fi jẹun rí."

Mo gba ọ̀dọ̀ Alùfáà Badrudeen lọ. Wọ́n ń ta ohun èèlò kẹ̀kẹ́ àti ti ọ̀kadà lọ́sàn-án. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò wọn, níbi tí agogo ilé-kéwú wà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ríìmù wò. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń mì. Mo fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Mo di ojú kan, mo fi ìkejì wò ó bóyá ó gún. Alùfáà wò mí títí, wọ́n ní, "Màmá, ríìmù lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ gbà á síṣẹ́ ìjọba?" Mo mú ọ̀kan tó funfun, tó fúyẹ́, tó tẹ́ bíi dígí. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lọ sọ́dọ̀ Mùrí.

Mùrí tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn palẹ̀, ó gbé ríìmù tuntun lé orúnkún, ó wá dákẹ́. Bí Mùrí bá dákẹ́, kí èèyàn tètè wá ibi jókòó. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni tiwa, Zakiyyah. Irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò ogójì, níbi tí wọ́n ń fi àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní sípóòkì bọ̀. Mẹ́rìndínlógójì ni ihò ara ríìmù tí mo rà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Èmi kò bi Alùfáà, Mùrí kò rán mi létí. Mo yẹ gbogbo ibi tí irin wà lára ríìmù yẹn wò, n kò wo ibi tí kò sí irin.

Mùrí họrí, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi sípóòkì mẹ́rin sílẹ̀. Ta ni yóò kà á?"

Ọmọ mi, ọkàn mi fà sí i. Ìwọ wà ní Ìlọrin, o kò ní kà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè jáde wá kà á. Kẹ̀kẹ́ á yí, á dán, gbogbo wa á sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo rántí gàárì, mo rántí iṣu, mo rántí kòtò yẹn. Mo ní, "Ọ̀nà ni yóò kà á." Mùrí wò mí, ó tú ìwọ̀nba sípóòkì tó ti fi bọ̀ ọ́, ó sì gbé ríìmù náà lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Alùfáà, wọn kò fẹ́ gbà á. Mo ní, "Alùfáà, ẹ̀yin náà lẹ ṣe wáàsí pé ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà." Wọ́n ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí àbùkù lára ríìmù yìí, Màmá. Inú ìbéèrè yín ni àbùkù wà." Mo fẹ́ bínú, mo wá rí i pé òótọ́ ni. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní oníhò ogójì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọmọ kéwú kan fi lu agogo ìrọ̀lẹ́. Ó dún lókè orí mi gan-an, ìró rẹ̀ fà lọ títí. Mo gbójú sókè. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti ń gbọ́ agogo yẹn? N kò wò ó rí. Ríìmù ni! Ríìmù onírin àtijọ́, tó wúwo, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Mo na ìka sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò rẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú wá yí mi ká, wọ́n bá mi kà á lóhùn rara, nígbà tí a sì parí, gbogbo wọn pariwo, "Ogójì!" bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá góòlù wọlé.

Alùfáà ní, "Màmá, agogo nìyẹn o."

Mo ní, "Ríìmù ni kó tó di agogo."

"Kí ni a ó wá máa fi pe àwọn ọmọ?"

Mo gbé ríìmù tuntun mi sókè. Mo ní ká ṣe pàṣípààrọ̀. Alùfáà ronú, wọ́n fa irùngbọ̀n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n tí eléyìí kò bá dún, ọ̀rọ̀ ò tíì tán láàárín wa."

O rò pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó? Rárá. Mo dé ọ̀nà ni iyèméjì mú mi. Ohun tí wọ́n ti fi irin lù lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ṣé agbára ló ní tí kò fi ṣẹ́, àbí ó ti rẹ̀ ẹ́ nínú, tó ń dúró de ọjọ́ tí èmi yóò gùn ún? Ríìmù ti tẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ́ títí ó fi ṣẹ́. Mo wá rántí ohun kan tí mo kà nínú ìwé lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mo ní kí Mùrí bá mi ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò. Mo fi kẹrosíìnì pa á lára yíká, mo nù ún gbẹ, mo wá bu páúdà sí i. Bí irin bá sán níbikíbi, kẹrosíìnì á ti fara pa mọ́ sínú ibi tó sán, á sì yọ ìlà sórí páúdà náà. Mùrí fẹ́ẹ̀ kú fún ẹ̀rín. "Ìyá Tíṣà ń pa páúdà fún irin! Ṣé ẹ ó tún pọ̀n ọ́n ni?" Síbẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú mi. A dúró. Ìlà kankan kò yọ. Ojú ibi tí wọ́n ti ń lù ú nìkan ló tẹ̀ wọnú díẹ̀, Mùrí sì fi igi àti òòlù rọra tún un ṣe. Ó wá fi sípóòkì bọ̀ ọ́, ogójì pé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo de gàárì àti iṣu sẹ́yìn, mo kọrí sí Kuta. Mo ti pinnu láti yà fún kòtò yẹn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe súnmọ́ ọn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan há mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, inú kòtò náà ni mo bá ara mi. Eyín mi kan ara wọn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, mo fi ọwọ́ yí i. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kan bíréèkì lọ́tùn-ún, kò kàn án lósì. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wò ó bó ṣe ń yí, títí ó fi dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kí ọ. Mo wẹ̀ fún wọn, mo di irun wọn, a jẹ iṣu. Wọ́n ní, "Ṣẹ̀fíátù, ìwọ àti kẹ̀kẹ́ yìí, ta ló ń tọ́jú ta ni?" Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, wọ́n ní kí n máa lu agogo kékeré ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà títí n ó fi dé kọ́nà, kí àwọn lè fetí sìn mí dé ọ̀nà. Mo lù ú títí.

N kò tíì dáhùn ìbéèrè mi, mo mọ̀. Èèyàn lè ka ihò, ó lè pa páúdà, ó lè bi ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó rò pé òun mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku kó gùn ún. N kò lè búra fún ọ pé kò ní ṣẹ́ láéláé. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dé ibi tí ojú àti ọwọ́ mi lè dé, ó sì ti gbé mi já kòtò. Bí o bá wálé ní Iléyá, ka sípóòkì rẹ̀ fúnra rẹ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ohun tí o bá fara tì kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ yóò rántí rẹ sí rere. Wàá bá mi láyọ̀, èmi náà yóò sì bá ọ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í tètè gbà,
Ṣẹ̀fíátù.

Mo gbàgbé ohun kan: Ríìmù tuntun tó wà lórí máńgòrò kò dún dáadáa. Kọ́kọ́kọ́ ló ń dún, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ agogo. Alùfáà Badrudeen bá wá sílé. Wọ́n ní, "Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Agogo wa wà lábẹ́ yín. Bí ẹ bá ń lọ sọ́gbà láàárọ̀, ẹ bá wa gba àárín àdúgbò kọjá, kí ẹ sì máa lu agogo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín." Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe é. Bí mo bá ti lù ú, ilẹ̀kùn á máa ṣí níkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á sì máa sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú wàláà, pátákó kéwú wọn, lọ́wọ́. Nítorí náà, bí o bá ṣì ń ronú nípa àwọn tó ń ra irin, Alùfáà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà. Àwọn ọmọ ń dúró dè mí.