Kíláàsì Tí O Fi Sínú Fóònù Mi

Lákọwé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Waliyat ọmọ mi, ọmọ Yísà káfíńtà,

Àsàlámù àlàékúmù. Báwo ni ara rẹ, báwo ni ilé ní Ajah, báwo ni àwọn ọmọ olówó tí o ń kọ́ ní Lẹ́kí? Ọlọ́run Ọba tó dá ohùn fún wa kò ní jẹ́ kí tìrẹ há sí ọ lọ́fun níwájú wọn o, àmín. Ara èmi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní o wà ní kíláàsì, wàá sì gé e mọ́ mi lẹ́nu, lẹ́tà kò sì ṣeé gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Fàtíù tó ń wa kòròpé láti ibí dé Ajah ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má lọ fi wé ẹ̀pà.

Ilé dára. Adìẹ ìyá rẹ, èyí tí kò nírù yẹn, ń sàba lé bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí àwọn olówó ń fi irin gbá ní ẹsitéètì ẹ̀gbẹ́ wa. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá ògiri, ó bọ́ sínú ìtẹ́ rẹ̀, adìẹ sì gbà pé òun lòun yé e. Mo ní ká yọ ọ́ kúrò, ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá ní sùúrù tó báyìí, ó yẹ kí Ọlọ́run fún un ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tí o bá ìyá rẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá dé etí mi. Ó ní o sunkún. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, kó tó di pé àwọn tó ń fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì tíṣà wá wò ọ́. Pé torí báǹkì lo ti wá, tí o kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sọ pé ẹ̀bùrú lo gbà wọlé, pé ojú iṣẹ́ lo ti ń kọ́ iṣẹ́. Pé ilé ìwé fi obìnrin kan tí ń jẹ́ Àǹtí Bàṣírát tì ọ́ kó máa tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n bírò pupa ló kàn fi ń kọ àṣìṣe rẹ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín sí ọ rí, o sì mọ̀ pé kò fẹ́ràn rẹ. Ó dùn mí gan-an, ọmọ mi. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú dé ọjà, ṣé kì í nájà ni? Èmi tí o rí yìí, apẹja ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó ni mo tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹni tí mo dàgbà jù, ó sì máa ń rán mi lọ ra omi. Àga àkọ́kọ́ tí mo kàn, ọ̀gá mi jókòó lé e, àga wó, ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí n kan òmíràn.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni kíláàsì tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi. O ní fóònù tìrẹ ti kún, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, pé ìwọ ò lè wò ó torí ojú ara rẹ ń tì ọ́. Mo dúpẹ́ pé o rántí wa. Ìyá rẹ wọ léèsì rẹ̀, ó ní a ò lè ró ìró ilé lọ síwájú tíṣà. Ó tún ní kí n má pè ọ́ ní Waliyat nínú kíláàsì, tíṣà ni ká máa pè ọ́. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo pe Bàbá Tájù ará ilé kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a kí ọ. O ò dá wa lóhùn. Ìyá rẹ ní kò burú, pé tíṣà tó bá ń dá gbogbo òbí lóhùn ò ní rí iṣẹ́ ṣe.

O mú búrẹ́dì jáde, o gé ọ̀kan sí méjì, o gé èkejì sí mẹ́rin. Òyìnbó tí o ń sọ kò yé wa tán, ṣùgbọ́n búrẹ́dì yé wa. O bèèrè èwo ló tóbi, ìdajì ni àbí ìdá mẹ́rin. Bàbá Tájù pariwo pé ìdá mẹ́rin ni, torí pé mẹ́rin ju méjì lọ. Ojú tì mí fún un. Èmi gbé ọwọ́ mi sókè bí ọmọlúàbí, mo dúró. O yíjú sí mi, o wò mí kòrókòró, o sì lọ pe ọmọ tó di rìbọ́ọ̀nù pupa níwájú. Níbi tí Bàbá Tájù ti ń jiyàn ni gbogbo kíláàsì bá ṣókùnkùn. Mo mọ̀ pé torí ariwo rẹ̀ lo ṣe lé wa síta. A bẹ̀ ọ́ títí, o ò dáhùn. Ìyanu tó ń ta káàdì lójúde wa ní bátìrì ló kú, ó bá wa fi fóònù síná, nígbà tó di ọjọ́ kejì o gbà wá padà. Ìyanu tún ní fídíò ni, pé o ò rí wa. Ọmọdé ni, mi ò bá a jà.

Ohun tó kó ìdààmú bá mi ni pé lọ́jọ́ kejì, aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn náà lo tún wọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òun náà ni. Ṣé o ò ní aṣọ mìíràn ni? Ẹ̀kọ́ kan náà, búrẹ́dì kan náà. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lánàá, wọn ò tún mọ̀ ọ́n lónìí, ibi tí wọ́n ti ṣì í gan-an ni wọ́n tún ti ń ṣì í. Owó ilé ìwé wọn á pọ̀, orí wọn wá le bí òkúta! Síbẹ̀ o ò bínú. Lójoojúmọ́ lo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà sọ ọ́ fún wọn bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èmi ì bá ti na ẹnì kan. Ta ló wá ní o ò mọ iṣẹ́?

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti bá ọ rò. Àwọn tó jókòó níwájú nìkan lo máa ń pè. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di ṣùkú. Ó máa ń gbé ọwọ́ sókè, kó tó kọjá etí rẹ̀ á ti sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi rí i torí pé èmi náà ń gbé tèmi sókè, o ò sì pe èmi náà. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ ń wí i jẹ́jẹ́.

Ẹnì kejì ni obìnrin àgbà tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Mo yìn ín púpọ̀. Ó níwọ̀nba èèyàn tó ti bímọ tó lè tún wọ kíláàsì lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Àga yẹn kéré fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ń kọ̀wé ju gbogbo wọn lọ, bírò pupa ló fi ń kọ ọ́, bóyá èyí tó rí rà nìyẹn. Kò nawọ́ rárá, ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo rí. Ọmọ kan wà tó ní òun ò mọ̀ ọ́n, tó fẹ́ sunkún. O lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o fi ègé búrẹ́dì méjèèjì lé e lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ wò ó, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. O dìde, o kọjú sí pátákó, o ń kọ nǹkan. Obìnrin yẹn bá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí ìyá rẹ rín lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rìn láti ẹnu ọ̀nà wá bá mi ni. Ó mi orí, ó nu ojú. Kí o tó yíjú padà, ó ti gbé bírò, ó ti ń kọ̀wé lọ. O ò rí i, ẹ̀yìn lo kọ sí i. Àwa rí i, ìyá rẹ lè jẹ́rìí, àti pé ojoojúmọ́ tí a bá wọlé ló ń rín ẹ̀rín yẹn, kò yẹ̀ rí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bá mi pe ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bá mi kí obìnrin àgbà náà, kí o wá àga tó ga díẹ̀ fún un, tí ilé ìwé ò bá ní, èmi á kàn án, Fàtíù á gbé e wá. Ní ti Àǹtí Bàṣírát yẹn, fi ọgbọ́n mú un wọ kíláàsì rẹ lọ́jọ́ kan, kó jókòó ti obìnrin àgbà yẹn lẹ́yìn, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń gbìyànjú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ìyanu ní dátà wa ti tán. Ó yé mi pé owó ilé ìwé wa nìyẹn, o kàn ń tijú láti bèèrè ni. Jọ̀ọ́, fi nǹkan ránṣẹ́ kí ilé ìwé má baà lé wa, kí o sì fi ti Bàbá Tájù kún un. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í pa kíláàsì jẹ. Tí owó bá ṣẹ́ kù, ra aṣọ mìíràn.

Ẹnu tí o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní gbẹ. Àwọn tó ń bọ̀ wá wò ọ́, ire ni wọ́n máa rí. Ọmọ tìrẹ náà, níbikíbi tó bá jókòó sí nínú kíláàsì, Ọlọ́run á fún un ní tíṣà tó máa kúnlẹ̀ tì í. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Adìẹ náà ṣì wà lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la a ó tún wà níbẹ̀. Tí o bá bèèrè èwo ló tóbi, jọ̀ọ́, wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ mi á wà lókè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yísà.