Orúnkún Ìyá Mi Kanlẹ̀

Bàbá mi ní Igbein,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá mi. Dáadáa la wà ní Kánádà níbí. Òtútù ń mú díẹ̀, ṣùgbọ́n à ń rẹ́rìn-ín. Ìwé ìgbélùú mi ni kò tíì jáde, n ò bá ti wálé.

Fọlákẹ́mi àbúrò mi ti sọ fún mi pé màmá ṣubú ní pálọ̀ yín. Ó ní wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀ kí yín, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, ẹ sì ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ ni mò ń wò, mi ò tíì rí orúnkún." Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ lórí táìlì. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ dìde ni wọ́n ti ṣubú, tí egungun ìbàdí wọn fi ṣẹ́.

Mi ò bá yín jà o. Ta ni mo jẹ́? Àbúrò bàbá mi lẹ jẹ́, ọmọ ilé ni yín, ìyàwó ilé ni wọ́n. Lóòótọ́, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n pọ̀n yín sí lọ́dún tí wọ́n wọlé yín. Ṣùgbọ́n ọkọ lọkọ ń jẹ́, ìbáà máa tọ̀ sí ìyàwó lẹ́yìn.

Dókítà ní wọn ò ní lè kúnlẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ má bínú sí wọn.

Ẹ bá mi kí wọn. Bẹ́ẹ̀dì wọn ò ga, etí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Kí wọ́n tó lè gbọ́ yín, àfi kẹ́ ẹ kúnlẹ̀.

Títílọlá, ọmọ ìyàwó yín.